Orí Kẹta: Yíyan Irinṣẹ́ àti Ẹ̀rọ fún Ilé Iṣẹ́ Ẹlẹ́ni Mẹ́rin

Ilé àgbẹ̀dẹ àwọn baba wa kì í kún fún ẹrù. Owú wà nílẹ̀, ọmọ owú wà lọ́wọ́ ọ̀gá, ẹ̀mú ń di irin gbígbóná mú, ẹwìrì ń fẹ́ iná. Ìwọ̀nba nǹkan wọ̀nyí ni wọ́n fi ń rọ ọkọ́, àdá àti àáké fún gbogbo ìlú. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí a kì í sábà rántí: kò sí irinṣẹ́ kan nínú ilé àgbẹ̀dẹ náà tó kọjá ohun tí alágbẹ̀dẹ lè tún ṣe. Bí ẹ̀mú bá ṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò rọ òmíràn. Bí awọ ẹwìrì bá ya, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí awọ mìíràn dè é. Iṣẹ́ kì í dúró.

Ní ìlú Oǹdó, níbi tí wọ́n ti ń ṣọdún Ògún lọ́dọọdún, gbogbo ẹni tó ń fi irin jẹun ló mọ̀ pé ìdí iṣẹ́ kan náà ni àwọn wà, ì báà ṣe wẹ́dà, mẹkáníìkì tàbí awakọ̀. Ọgbọ́n ilé àgbẹ̀dẹ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mú wọ ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yan irinṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí iná tó wà ládùúgbò yan ẹ̀rọ. Ẹ má sì ra ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè bá yín tún ṣe ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹgbẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀ orí yìí. Àwọn mẹ́rin ni: káfíńtà méjì, wẹ́dà kan, àti ẹnì kan tó mọ ọ̀dà àti fáníìṣì kùn dáadáa. Wọ́n ti gba fírídọ̀mù, wọ́n ti dá àjọ fún ọdún kan, wọ́n sì fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ tí wọ́n ń retí ni bẹ́ẹ̀dì àti tábìlì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba yàrá nítòsí géètì FUTA ní Àkúrẹ́, tàbí ní agbègbè UNIMED àti Yunifásítì Adéyẹmí ní Oǹdó. Ilẹ̀kùn àti bágúlárì fún àwọn tó ń kọ́lé. Àti férémù irin fún ẹ̀rọ tí àwọn onígààrí fi ń rin ẹ̀gẹ́. Owó wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti bẹ̀rẹ̀ bí wọn kò bá ṣì í ná.

Ẹ kọ iṣẹ́ sílẹ̀ kí ẹ tó kọ irinṣẹ́

Ẹni tó bá kọ́kọ́ sáré wọ ọjà, olójà ni yóò sọ ohun tó nílò fún un. Ẹ jókòó sílé ná. Kí ẹni kọ̀ọ̀kan kọ iṣẹ́ mẹ́wàá tó ṣe kẹ́yìn sílẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ tí oníbàárà sanwó rẹ̀, kó yọ iṣẹ́ tó kàn ń wù ú láti ṣe kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ tú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ìgbésẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì onígi kan: wíwọ̀n, gígé, fífá, dídá ihò, síso pọ̀, fífi sáńpépà ha, kíkùn. Bágúlárì fèrèsé kan: wíwọ̀n, gígé irin, títẹ irin, jíjó pọ̀, lílọ̀ ojú ibi tí a jó, kíkùn.

Níwájú ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ irinṣẹ́ tó ń ṣe é, kí ẹ wá ka iye ìgbà tí irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yọ. Ẹ ó rí i pé tépù, sukúẹ̀à, ayùn àti kíláǹpù ló wà nínú gbogbo iṣẹ́, tí ẹ̀rọ ńlá tí gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ sì lè má yọ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Èyí tí ẹ ń lò lójoojúmọ́, ẹ ra èyí tó dára jù lọ tí owó yín ká. Èyí tí ẹ ń lò lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ lè ra èyí tó mọ níwọ̀n, tàbí tòkunbọ̀. Èyí tí ẹ ń lò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ yá a, tàbí kí ẹ gbé iṣẹ́ náà lọ bá ẹni tó ní in.

Ohun tí a ń rà àti ohun tí a ń yá

Ilẹ̀ igi ni ilẹ̀ wa. Ní sọ́mìlì àti ọjà pákó wa, a máa ń rí àwọn tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń jẹun: ẹ gbé pákó wá, wọ́n á bá yín fá a tàbí kí wọ́n bá yín là á, wọ́n á gba owó lórí pákó kọ̀ọ̀kan. Àǹfààní ńlá nìyí fún ẹgbẹ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n báwo la ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ ká dẹ́kun yíyá, ká ra tiwa?

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní wọ́n ń gba ₦500 láti fá pákó kan, tí ẹ sì ń fá 40 pákó lóṣù. ₦20,000 ni ẹ ń san lóṣù. Ká ní ẹ̀rọ tí yóò ṣe iṣẹ́ kan náà jẹ́ ₦900,000. Oṣù 45 ni yóò gbà kó tó dá owó ara rẹ̀ padà, láìtíì ka owó iná, bẹ́líìtì àti ọ̀bẹ rẹ̀. Ẹ máa yá a lọ. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá gbèrú tó 200 pákó lóṣù, ₦100,000 ni ẹ ń san fún ẹlòmíràn lóṣù kọ̀ọ̀kan, oṣù 9 sì tó láti dá owó ẹ̀rọ padà. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn iye wọ̀nyí. Ẹ fi iye tí wọ́n ń gbà ládùúgbò yín rọ́pò wọn. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé ẹ̀rọ tí kò bá lè dá owó rẹ̀ padà láàárín ọdún kan, kí ẹgbẹ́ tuntun má rà á.

Ohun tí yíyá ń gbà lọ́wọ́ ẹni ni àkókò. Ẹ ó dúró kó tó kàn yín, iná sì lè lọ kó tó kàn yín. Nítorí náà, ẹ kó pákó ọ̀sẹ̀ kan jọ, kí ẹ gbé e lọ pọ̀ lọ́jọ́ kan, kí ẹni kan ṣoṣo tẹ̀ lé e. Ìrìn àjò ẹ̀ẹ̀marùn-ún lórí pákó márùn-ún kò yàtọ̀ sí kí a ra ẹ̀rọ ká má lò ó.

Ẹ wo iná kí ẹ tó wo ẹ̀rọ

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ owó ti ń ṣòfò. Ẹ̀rọ tó dára lórí iná tí kò dára, eérú ni yóò dà.

Kí ẹ tó san owó ṣọ́ọ̀bù, ẹ mú mítà tí àwọn oníṣẹ́ iná fi ń wọn fóòtì lọ síbẹ̀. Ẹ wọn iná náà láàárọ̀, lọ́sàn-án àti láàárín agogo méje sí mẹ́jọ alẹ́, fún ọjọ́ méje. 230 fóòtì ni iná ilé wa yẹ kó jẹ́. Bí ó bá ń lọ sí 180 lọ́sàn-án nígbà tí gbogbo àdúgbò ń ṣiṣẹ́, mọ́tọ̀ ẹ̀rọ igi yín yóò máa gbóná, yóò sì máa fa iná ju bó ṣe yẹ lọ títí wáyà inú rẹ̀ yóò fi jó. Ẹ wádìí bákan náà bóyá fésì kan tàbí fésì mẹ́ta ló wọ ilé náà. Ẹ̀rọ igi ńlá láti sọ́mìlì sábà máa ń jẹ́ ti fésì mẹ́ta. Bí ẹ bá rà á sí ilé oní-fésì-kan, ẹ ra pẹpẹ tí ẹ ó máa gbé ẹrù lé ni.

Ẹ tún béèrè bóyá Band A ni àdúgbò náà lọ́dọ̀ BEDC, iléeṣẹ́ tó ń pín iná fún wa. Ní April 2024, wọ́n gbé owó iná Band A sí ₦225 fún yúnìtì kan. Ohun tí wọ́n sì fi ṣèlérí lé e lórí ni wákàtí 20 lójúmọ́. Owó náà ti ń lọ sókè-sódò láti ìgbà náà, nítorí náà iye tó wà lórí risíìtì yín ni kí ẹ lò. Bí a ṣe ń ṣe ìṣirò rẹ̀ nìyí: ẹ̀rọ jíjó irin onínfátà (ẹ ó rí àlàyé rẹ̀ níwájú) tó ń jó igi jíjó nọ́ńbà 12 ní 90 áńpù ń fa nǹkan bí 2.7 kìlówáàtì nígbà tí iná bá ń tàn lórí irin. Bí wẹ́dà bá jó fún wákàtí méjì gidi lójúmọ́, yúnìtì 5.4 nìyẹn. Ní ₦225, ó jẹ́ ₦1,215. Ẹ ṣe irú ìṣirò yìí fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ pín in sórí iṣẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ tó dá iye fún oníbàárà.

Jẹnẹrétọ̀ ni orísun iná kejì. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, jẹnẹrétọ̀ ti kúrò ní ohun tí a ń tàn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ rà á fún ọjọ́ tí iṣẹ́ bá ń kánjú, kí ẹ sì ra èyí tí agbára rẹ̀ bá ẹ̀rọ yín mu. Ẹ̀rọ jíjó irin onínfátà tí mo sọ yẹn, bí iná rẹ̀ bá jẹ́ 90 áńpù, nǹkan bí 3.8 kVA ló ń béèrè. Jẹnẹrétọ̀ 5 kVA tó jẹ́ ojúlówó á gbé e. Bí ẹ bá gbé e sókè sí 120 áńpù láti jó igi jíjó nọ́ńbà 10, yóò béèrè ju 5 kVA lọ, jẹnẹrétọ̀ kan náà á sì máa kérora. Mọ́tọ̀ náà ní tirẹ̀: mọ́tọ̀ 2 hp ń mú nǹkan bí kìlówáàtì kan ààbọ̀ agbára jáde nígbà tó bá ń yí, ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú àáyá tó bá ń gbéra, ó lè fa iná ìlọ́po márùn-ún sí méje èyí tó ń fà bó ṣe ń yí. Ìdí nìyẹn tí jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í fi lè gbé ẹ̀rọ igi ńlá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà tó wà lára méjèèjì jọ pé wọ́n bára mu.

Ẹ má fi owó wáyà pamọ́. Wáyà tín-ín-rín tó gùn ń jẹ fóòtì lójú ọ̀nà. Ẹ pe oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́, kó fa wáyà tó nípọn wá sí ibi ẹ̀rọ ńlá, kó fi bíríkà sí i, kó sì ri wáyà ilẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò ní wáyà ilẹ̀ lè fi iná gbé ọmọ iṣẹ́ lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù.

Irinṣẹ́ ọwọ́ ni ìpìlẹ̀

Nínú ilé iṣẹ́ tuntun, irinṣẹ́ ọwọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ rà, nítorí pé òun ni kì í béèrè iná, òun náà ló sì ń pinnu bóyá iṣẹ́ yóò gún.

Irinṣẹ́ ìwọ̀n ló ṣáájú. Ẹ dán sukúẹ̀à wò lójú olójà: ẹ gbé e ti etí pákó tó tọ́, ẹ fa ìlà kan, ẹ yí i padà sí òdìkejì, ẹ fa ìlà mìíràn láti ibi kan náà. Bí ìlà méjèèjì bá bára mu, sukúẹ̀à náà tọ́. Bí wọ́n bá ya ara wọn, ẹ dá a padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́fẹ̀lì: ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ wo ibi tí omi inú rẹ̀ dúró, ẹ yí orí rẹ̀ sí ìdí, ibi kan náà ló gbọ́dọ̀ dúró sí. Ní ti tépù, ìkọ́ kékeré tó wà lórí rẹ̀ máa ń mì díẹ̀. Wọ́n dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kó lè gba ìnípọn ara rẹ̀ là nígbà tí a bá fi kọ́ etí igi tàbí tí a bá fi ti ògiri. Ẹ má lù ú mọ́lẹ̀. Kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ra tépù irú kan náà, kí ẹ sì fi wọ́n wé ara wọn. Tépù méjì tí kò bára mu ti ba ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn jẹ́.

Lẹ́yìn ìwọ̀n, ohun gígé: ayùn igi méjì, ayùn irin kan, ìfági kan tó dára, ṣísẹ́lì mẹ́ta tí fífẹ̀ wọn yàtọ̀ síra, àti òkúta tí a ó fi máa pọ́n wọn. Ṣísẹ́lì tí kò mú kò yàtọ̀ sí sukudiráfà. Lẹ́yìn náà, ohun tó ń di iṣẹ́ mú: fáìsì kan tí a dè mọ́ bẹ́ǹṣì tó wúwo, àti kíláǹpù, ó kéré tán mẹ́fà. Wẹ́dà yín mọ bí a ṣe ń ṣe kíláǹpù láti ara irin tó ṣẹ́kù. Kí ẹ ṣe mẹ́rin fúnra yín, kí ẹ ra méjì. Bẹ́ǹṣì náà, ẹ má rà á. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ ó ṣe fún ara yín nìyẹn, òun ni yóò sì fi hàn yín bóyá irinṣẹ́ tí ẹ rà péye.

Ẹ̀rọ jíjó irin

Oríṣi méjì ló wà níwájú yín. Èkíní ni ti àtijọ́, olókùúta irin àti wáyà kọ́pà, tó wúwo tí ènìyàn méjì fi ń gbé e. Ó ń fa iná gan-an, àmọ́ kò bẹ̀rù eruku, bí wáyà inú rẹ̀ bá sì jó, àwọn tó ń yí wáyà mọ́tọ̀ nílùú lè yí òmíràn sí i. Ìkejì ni onínfátà: ó fúyẹ́, ènìyàn lè gbé e kọ́ èjìká lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, iná tó ń fà sì kéré. Ṣùgbọ́n pátákó iná (bọ́ọ̀dù) tó wà nínú rẹ̀ kò fẹ́ eruku irin, kò sì fẹ́ iná tó ń gòkè tó ń sọ̀.

Fún àwọn mẹ́rin wa yìí, onínfátà ni mo yàn, nítorí jẹnẹrétọ̀ kékeré lè gbé e, iṣẹ́ wọn sì jẹ́ páìpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti irin bágúlárì. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ẹ wá ẹni tó ń tún pátákó rẹ̀ ṣe nílùú yín, kí ẹ bi í léèrè irú èyí tó máa ń rí ohun èlò rẹ̀ rà. Ìkejì, ẹ ka ohun tó wà lára rẹ̀ nípa ìsinmi. Bí wọ́n bá kọ 30% síbẹ̀ ní 200 áńpù, ohun tó túmọ̀ sí ni pé nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ẹ lè fi jó irin ní 200 áńpù, kí ẹ sinmi méje. Ìkẹta, ẹ má gba nọ́ńbà ńlá tí wọ́n kọ sára páálí gbọ́. Ẹ mú irin àti igi jíjó nọ́ńbà 10 lọ sí ọjà, kí ẹ jó igi mẹ́ta tẹ̀ léra lójú olójà.

Gíráńdà ni ìkejì ẹ̀rọ wẹ́dà. Ti ínṣì mẹ́rin ààbọ̀ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rà. Àwo rẹ̀ ni kí ẹ fiyè sí: wọ́n kọ ìyára tí kò gbọ́dọ̀ kọjá sára rẹ̀. Àwo kékeré lè yí tó 13,300 ní ìṣẹ́jú kan. Àwo ńlá oní-ínṣì mẹ́sàn-án kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bí 6,600 lọ. Ẹni tó bá yọ ìbòrí gíráńdà kékeré kúrò kó lè fi àwo ńlá sí i, ohun tó lè fọ́ bí ìgò ló gbé sí iwájú ojú ara rẹ̀. Àwo tún máa ń gbó: ẹ wo òrùka irin àárín rẹ̀, ẹ ó rí oṣù àti ọdún tí kò gbọ́dọ̀ kọjá níbẹ̀. Ẹ má ra èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti lọ, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Ẹ̀rọ igi

Níwọ̀n ìgbà tí sọ́mìlì ń bá yín la pákó tí ó sì ń bá yín fá a, ohun mẹ́ta ló kù tí àwọn káfíńtà yín nílò lójoojúmọ́: sákúlà ọwọ́ láti gé pákó àti páláìwúùdù, dírìlì, àti ẹ̀rọ tó ń fi sáńpépà ha igi. Wọ́n ń lo iná fésì kan, wọ́n ń wọ inú àpò kan, jẹnẹrétọ̀ yín sì lè gbé wọn.

Sákúlà lè di ẹ̀rọ orí tábìlì bí wẹ́dà yín bá ṣe férémù fún un, ṣùgbọ́n kí ìbòrí ọ̀bẹ rẹ̀ wà níbẹ̀, kí bọ́tìnì tí a fi ń pa á sì wà níbi tí ọwọ́ lè dé láìwá a. Ọ̀bẹ tó dára lórí ẹ̀rọ tó mọ níwọ̀n sàn ju ọ̀bẹ burúkú lórí ẹ̀rọ olówó ńlá lọ. Igi líle bí ìrókò àti òpèpè ń jẹ ọ̀bẹ. Arère rọ̀, kò ní dà yín láàmú. Ẹ béèrè ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ nítòsí kí ẹ tó rà.

Tuntun tàbí tòkunbọ̀

Tòkunbọ̀ kì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹ̀rọ tó ti ṣiṣẹ́ ogún ọdún lókè òkun lè lálòpẹ́ ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Àmọ́ ojú ni a fi ń rà á.

Ẹ kọ́kọ́ ka àwo irin kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá, 120 fóòtì ni, 60 Hz. Ohun èlò aláwọ̀ yẹ́lò tó ti ibi iṣẹ́ ìkọ́lé ní Bìrìtìkó wá, 110 fóòtì ló máa ń jẹ́. Bí ẹ bá ki àwọn wọ̀nyí bọ iná wa báyìí, wọ́n á jó lójú ẹsẹ̀. Tìràǹsífọ́mà lè sọ 230 di 110, dírìlì àti gíráńdà tó ń lo kábọ́ọ̀nù yóò sì ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tìràǹsífọ́mà kò lè sọ 50 Hz wa di 60. Mọ́tọ̀ tí kò ní kábọ́ọ̀nù, irú èyí tó wà lára ẹ̀rọ igi ńlá, yóò fi ìdá kan nínú mẹ́fà ìyára rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ fún olójà.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná, kí ẹ fi ọwọ́ yí ọ̀pá rẹ̀. Kó yí wẹ́rẹ́, láìkùn, láìmì. Bí bẹ́árìnì bá ń kùn, ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Nọ́ńbà bíi 6202 tàbí 6203 jẹ́ ọ̀kan náà káàkiri àgbáyé, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Ẹ lè fi dín owó ẹ̀rọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ tàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ fi gé igi tàbí irin gidi. Ẹ fi imú gbóòórùn rẹ̀. Ẹ wo ibi kábọ́ọ̀nù: ìtànná kékeré kò burú, ṣùgbọ́n bí iná bá yí ọ̀pá náà ká bí òrùka, inú rẹ̀ ti bàjẹ́.

Ní ìparí, ẹ bi ara yín pé: tí ó bá bàjẹ́ lọ́jọ́ Ajé, ta ni yóò tún un ṣe, ọjọ́ mélòó ni yóò gbà? Bí ẹ bá rí kábọ́ọ̀nù, bọ́tìnì àti bẹ́líìtì rẹ̀ rà ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ tàbí lọ́jà Oǹdó, ẹ rà á. Bí ó bá jẹ́ pé Èkó nìkan ni ẹ ti lè rí wọn, ẹ ka owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ pẹ̀lú ọjọ́ iṣẹ́ tó sọnù mọ́ iye rẹ̀. Bákan náà ni fún ẹni tó bá lọ ra ẹ̀rọ ní Owódé Onírin ní Èkó nítorí pé ó pọ́ọ́kú níbẹ̀: ẹ̀rọ tó bàjẹ́ kò rọrùn láti gbé padà lọ ìrìn tó tó 300 kìlómítà.

Owó ààbò kì í ṣe àjẹkù

Igi gánngánrán má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ ra ohun ààbò lọ́jọ́ kan náà tí ẹ ra ẹ̀rọ, láti inú owó kan náà.

Góògù dúdú tí ọ̀pọ̀ wẹ́dà ń lò kò bo gbogbo ojú àti ọrùn. Ìbòjú tó ní gíláàsì nọ́ńbà 10 tàbí 11 ni kí ẹ rà, méjì, kí ọmọ iṣẹ́ tó ń di irin mú má bàa máa di ojú rẹ̀. Ẹni tó ń lo gíráńdà gbọ́dọ̀ wọ góògù funfun. Ìyẹ̀fun ìrókò àti ti igi tí a ń pè ní masóníà ń ba imú, ọ̀fun àti awọ ara jẹ́. Ìbomú jẹ́ dandan fún káfíńtà. Páìpù tí wọ́n fi síǹkì bò, bí ẹ bá jó o nínú ilé tí atẹ́gùn kò wọ̀, èéfín rẹ̀ ń mú ibà wá lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹgbẹ́ wa yìí tún ní ewu kan tí ẹgbẹ́ mìíràn kò ní: igi àti iná wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Ìtapàrà iná wẹ́dà lè bọ́ sínú ìyẹ̀fun igi lọ́sàn-án, kó máa jó lábẹ́lẹ̀, kó sì gba ṣọ́ọ̀bù lóru. Ẹ fi ògiri tàbí páànù pín ibi igi níyà kúrò níbi irin. Ẹ gbá ìyẹ̀fun jáde kí wẹ́dà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé garawa yẹ̀pẹ̀ àti ohun pípa iná sẹ́nu ọ̀nà. Kí ẹnì kan sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí jíjó irin bá parí kó tó ti ilẹ̀kùn. Ní ti jẹnẹrétọ̀, ìta gbangba ni ààyè rẹ̀. Èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn láìjẹ́ kó mọ̀.

Pípín owó àti àdéhùn

Bí ẹ bá ní ₦100, bí mo ṣe fẹ́ kí ẹ pín in nìyí: ₦25 fún irinṣẹ́ ọwọ́ àti ti ìwọ̀n, ₦35 fún ẹ̀rọ, ₦15 fún wáyà, bíríkà àti ètò iná, ₦10 fún ààbò, ₦15 fún ohun tí yóò tán àti ohun tí yóò bàjẹ́, bí àwo, igi jíjó, ọ̀bẹ àti kábọ́ọ̀nù. Jẹnẹrétọ̀ kò sí níbẹ̀. Kí owó iṣẹ́ oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ rà á. Títí di ìgbà náà, ẹ yá a lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀. Ẹni tó bá ná gbogbo ₦100 sórí ẹ̀rọ kò ní ní ohun tí yóò fi ra àwo nígbà tí iṣẹ́ àkọ́kọ́ bá dé.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n owó àjọní ń fẹ́ ìwé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ti ilé iṣẹ́ ni gbogbo ẹ̀rọ, ẹni yòówù tí ì báà lọ rà á lọ́jà. Ẹ kọ bí a ó ṣe ṣírò ìpín ẹni tó bá fẹ́ kúrò, kó má bàa jẹ́ pé gíráńdà ni yóò gbé lọ. Ẹ ní ìwé kan fún ẹ̀rọ: ọjọ́ tí a rà á, iye rẹ̀, nọ́ńbà ara rẹ̀, ọjọ́ tí a tún un ṣe. Kí ẹnì kan máa bójú tó o, kí iṣẹ́ náà sì máa yí lóṣooṣù. Nínú owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ, kí ó lè ra arọ́pò ara rẹ̀ nígbà tó bá gbó.

Kí ẹ tó ṣí orí tó kàn, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ kọ iṣẹ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá yín sílẹ̀. Ẹ wọn iná ṣọ́ọ̀bù tí ẹ fẹ́ gbà fún ọjọ́ méje. Ẹ lọ kí àwọn méjì tó ń tún ẹ̀rọ ṣe nílùú, kí ẹ bi wọ́n léèrè ẹ̀rọ tí wọ́n máa ń rí ohun èlò rẹ̀ rà. Kò sí èyí tó ń gba owó nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn wọn ni kí ẹ tó mú owó àjọ yín wọ ọjà.